Ìyẹ́ hẹlikọ́pítà rímóòtù mi ń rẹ̀wẹ̀sì bí mo bá gbé ọ̀pá sókè lójijì: throttle (agbára tí à ń fún mọ́tò) ni àbí bátìrì?

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Abẹ́òkúta níbí ni mo ti ń fò ó. Hẹlikọ́pítà 450 ni, bátìrì 3S (sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta) 2200 mAh, mọ́tò 3500 kv (iye ìyípo ní ìṣẹ́jú kan fún fóltì kan), gíà kékeré eyín 13, ńlá eyín 150.

Tó bá dúró lójú kan lókè, kò sí wàhálà. Àmọ́ bí mo bá gbé ọ̀pá rímóòtù sókè kíákíá, ìyẹ́ á falẹ̀, ìrù á yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí mọ́tò tó gbá a mú padà.

Throttle curve mi (ìlà tó ń sọ iye throttle nígbà tí ọ̀pá bá wà nísàlẹ̀, láàárín àti lókè) nínú idle-up, ipò tí mọ́tò kì í dúró bí ọ̀pá tilẹ̀ wálẹ̀, jẹ́ 85-75-85 nínú ọgọ́rùn-ún; pitch (bí ìyẹ́ ṣe dagun tó, ní dígírì) −10 sí +10; governor (ohun tó ń di iyàrá ìyẹ́ mú) inú ESC, ẹ̀rọ tó ń darí mọ́tò, sì wà ní títàn. Ibẹ̀ ni mo fura sí jù: governor fẹ́ ìlà tó tẹ́jú, bíi 80-80-80, kó lè fúnra rẹ̀ di iyàrá mú. Ìlà onígun V ń pàṣẹ iyàrá mìíràn fún un ní gbogbo ìgbà. Ṣé kí n tẹ́ ẹ ni, àbí kí n pa governor, kí n fi V sílẹ̀?

Mo ti tún ESC kọ́ ní òpin throttle: rímóòtù kọ́kọ́ tàn, ọ̀pá wà lókè pátápátá, mo so bátìrì, ó dún, mo fà á wálẹ̀. (Mo ti yí mọ́tò kúrò lára gíà ná o, ìyẹ́ kì í ṣe nǹkan eré.) Kò yàtọ̀.

Bátìrì náà 20C ni (C ń sọ bí iná tó lè tú jáde lẹ́ẹ̀kan ṣe pọ̀ tó), fóltéèjì rẹ̀ sì ń já sí 9.6 nígbà tí ẹrù bá wọ̀ ọ́. Tó bá jẹ́ òun ló rọ, governor ò ní rí agbára kankan fi kún un. Èwo ni kí n kọ́kọ́ mú?