Èsì: “Ìjọba ayélujára”, ta ló jẹ ẹ́?

Ẹ̀yin èèyàn mi,

Láti Ọjọ́bọ̀ ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín lórí ohun tí a ó máa pe “internet governance” ní Yorùbá, mo ní n kò ní dá sí i, àmọ́ èyí tí ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní London kọ lánàá kò jẹ́ kí òkèlè gba ọ̀nà ọ̀fun mi. Ẹ̀gbọ́n ní kí á máa pe ètò tí wọ́n fi ń tọ́jú íntánẹ́ẹ̀tì káríayé ní “ìjọba ayélujára”, wọ́n tún ní ẹni tí kò bá gbà kò gbọ́ Yorùbá dénú. Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àmọ́ n kò gbà.

Olùkọ́ tó kọ́ wa ní Yorùbá, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, ní bírò pupa kan. Tí o bá fi ì- ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ orúkọ, wọ́n á fa ìlà sábẹ́ ì- náà, wọ́n á kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé: “Ta ló ṣe é?” Ìjẹun, ta ló jẹun? Ìsìnkú, ta ló sin òkú? Tó ò bá rí ẹni tó ṣe é, kí o lọ wá ọ̀rọ̀ mìíràn. Ó dáa. Ìjọba ayélujára, ta ló jọba?

Ẹ̀gbọ́n ní “ọba” ti kú sínú “ìjọba” tipẹ́, pé ìjọba ológun, ìjọba ìbílẹ̀, ìjọba tiwa-n-tiwa, kò sí adé nínú wọn. Òótọ́ ni, kò sí adé. Àlééfà wà. Sọ́jà ló gorí ti ológun, alága ló jókòó ti ìbílẹ̀. Ẹ nàka sí ẹni tó gorí ti ayélujára kí n rí i.

Ṣé ICANN ni? Àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní California lọ́dún 1998 ni, orúkọ ìkànnì àti nọ́ńbà tí àwọn ẹ̀rọ fi ń dá ara wọn mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni tirẹ̀, kí orúkọ ìkànnì kan má bàa di ti ẹni méjì. Àdéhùn tó jẹ́ kí ìjọba Amẹ́ríkà máa bojú wo iṣẹ́ yẹn gan-an ti parí ní Oṣù Kẹwàá 2016. Orúkọ tó bá parí sí .ng, àjọ NiRA ló ń tọ́jú rẹ̀ nílé níbí ní Nàìjíríà. Nọ́ńbà tó kan Áfíríkà, àjọ AFRINIC tó wà ní Mauritius ló ń pín in. Àwọn sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń dá ìbéèrè lóhùn, tó wà ní gbòǹgbò gbogbo orúkọ, 13 ni wọ́n kà wọ́n sí, àjọ 12 ló sì pín wọn tọ́jú. Ọba kì í pé méjì láàfin, ẹ̀gbọ́n. Mélòó ni 12?

Àwọn IETF, tó ń kọ ìlànà bí kọ̀ǹpútà ṣe ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Lọ́dún 1992, David Clark dìde láàárín wọn, ó ní àwọn kọ ọba, àwọn kọ ààrẹ, àwọn kọ ìdìbò. Kí ohùn ṣáà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣọ̀kan, kí ohun tí wọ́n kọ sì ṣiṣẹ́. Tí wọ́n bá fẹ́ mọ ibi tí ọ̀pọ̀ fì sí nípàdé, alága lè ní kí àwọn tó fara mọ́ ọn kùn. Gbọ̀ngàn á dún hùùn bí ilé oyin. Á ní kí àwọn tí kò fara mọ́ ọn náà kùn. Etí ló fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹni tó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kọ ọba, ẹ̀yin wá gbé ìjọba lé e lórí!

“Àkóso ayélujára” lèmi fẹ́. Àǹtí wa tó ń kọ́ni ní Àjàṣẹ́ lọ́hùn-ún ti ní “so” tó wà nídìí rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀. N kò tíì rí èsì fún wọn.

Ti fóònù yàtọ̀ o, ibẹ̀ ni mo ti gbà fún ẹ̀gbọ́n. Ní Oṣù Kẹrin 2022 tí àṣẹ dé pé láìnì tí wọn kò bá so mọ́ NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ Nàìjíríà, kò gbọdọ̀ pe ẹnikẹ́ni mọ́, ẹ̀gbọ́n ìyá mi wà lára wọn. Ìpè ń wọlé, kò lè jáde. Wọ́n ní, “Wọ́n fi etí sílẹ̀ fún mi, wọ́n gba ẹnu mi lọ.” Mo ní ta ni. “Ìjọba ni, ta tún ni?” Olùkọ́ mi ò bá má fa ìlà pupa sábẹ́ ìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n tún fi Twitter gbe ara wọn lẹ́sẹ̀, pé ìjọba àpapọ̀ tì í pa ní Oṣù Kẹfà 2021, wọn ò ṣí i títí di 13 Oṣù Kìíní 2022. Ta ni nínú wa tí kò lo VPN, ohun tó ń jẹ́ kí èèyàn gba ọ̀nà ibòmíràn wọ ìkànnì tí wọ́n tì? Nílé bàbá mi àgbà, yàrá mẹ́rin ló lujára. Tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ wa nítorí ẹran tí a jí jẹ nínú ìkòkò, a ó gba yàrá ìyá àgbà bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Òórùn àdí àti aṣọ òkè ni a fi ń mọ̀ pé a ti dé yàrá wọn nínú òkùnkùn.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ “ayélùjára”, ẹ jọ̀ọ́. Lu ni, ohùn àárín, bí ìgbà tí ihò lu. Lù ni ti ìlù. Ayé ò na ara rẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ sọ fún mi pé lù máa ń di lu níwájú ọ̀rọ̀ orúkọ, já kì í ṣe ọ̀rọ̀ orúkọ.

Ìbéèrè kan kù. Ẹni tó pe ICANN ní “baálẹ̀ ayélujára”, ṣé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fi àmì sí ìsàlẹ̀ e yẹn ni? Ilẹ̀ wo ló ní? Tó bá jẹ́ baálé lẹ fẹ́ kọ, mo lè rò ó wò.