Orúkọ kì í hàn lórí aago ọwọ́ mi bí wọ́n bá pè mí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Kubwa ni mo ń gbé l'Abuja níbí. Mo ra aago ọwọ́ kan ní ọjà Wuse, irú èyí tí wọ́n fi ń gbé ìpè. Bluetooth ti so òun àti fóònù pọ̀, bí ìpè bá wọlé á máa gbọ̀n lọ́wọ́ mi, àmọ́ nọ́ńbà lásán ni mò ń rí. Lánàá, màmá mi pè láti Ògbómọ̀ṣọ́, mo rò pé oníbàárà ni, mo bá ní "Sannu, Hajiya." Wọ́n ní ṣé mo ti di Hausa ni!

Android ni fóònù mi. Mo ti fún áàpù aago náà láyè láti rí àwọn nọ́ńbà mi, mo pa á, mo tún tàn án. Nínú nọ́ńbà tó lé ní 400, 8 péré ló wọlé. Mo fura pé orí síìmù ni ìyókù wà, kì í ṣe orí Google. Ṣé kí n kó wọn kúrò níbẹ̀ ni? Àbí aago náà ló níye tó lè gbà? Ẹni tó bá ti bá irú ẹ̀ pàdé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye.