Ṣé ká gba ìwádìí wọlé kí àbúrò mi lè tètè rí dókítà ọpọlọ?

Àkọ́bíObìnrin

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin tèmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, orí mi ti fẹ́ dàrú.

Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ọkùnrin ni. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti ń yẹra fún wa, a sì rò pé ìwà ọmọkùnrin tó ń bàlágà lásán ni. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi téèpù dí ojú kámẹ́rà fóònù rẹ̀. Ó dí tèmi náà nígbà tí mo sùn, ó ní àwọn kan ń gba ibẹ̀ wo òun. Tó bá di òru, màá gbọ́ tó ń dá ẹnì kan lóhùn nínú yàrá rẹ̀, ohùn kékeré báyìí, bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Kò sẹ́ni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kò sì sẹ́ni lórí fóònù.

Dókítà tó ń tọ́jú ilé wa gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ọjọ́ yẹn gan-an ló kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka àìsàn ọpọlọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n dá fún wa níbẹ̀ jìnnà réré. Oṣù ń gorí oṣù.

Ibi tí a ti ń retí ni ilé ìwòsàn ńlá kan ti pè wá. Wọ́n ń ṣe ìwádìí lórí àwọn ọ̀dọ́ tí irú àìsàn yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lára wọn. Ẹni tó bá wọ inú rẹ̀, kò ní pẹ́ tí dókítà àgbà fi máa rí i. Wọ́n ní apá méjì ni ìwádìí náà ní, kọ̀ǹpútà ló sì máa mú ẹni tó ń lọ síbí àti ẹni tó ń lọ sọ́hùn-ún. Wọ́n tún ní àwọn kì í gba ẹni tó bá ti lo oògùn àìsàn yìí pẹ́.

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló dá ìjà sílẹ̀ nílé wa. Mọ́mì mi ní ká dá oògùn tí dókítà wa fẹ́ kọ fún un dúró ná, kí àyè yìí má baà bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ọkàn mi ò gbà á, ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tí mo lè sọ fún wọn tí wọ́n á gbọ́. Ṣé ọ̀nà àbùjá gidi ni ìwádìí yìí jẹ́ láti dé ọ̀dọ̀ dókítà?

---

OjúLalákàn

Ẹ má bá wọn dé bẹ̀ o. Wọ́n kàn fẹ́ fi ọmọ yín dánra wò ni. Kọ̀ǹpútà ló máa yan ìtọ́jú fún èèyàn? Kí ni dókítà wá ń ṣe níbẹ̀? Ẹ dúró de ọjọ́ tiyín.

---

Nọ́ọ̀sìÌwádìí

Mo ti ṣe nọ́ọ̀sì nínú irú ìwádìí báyìí fún ọdún mélòó kan. Iṣẹ́ tèmi ni kí n jókòó ti ẹbí kí wọ́n tó buwọ́ lu fọ́ọ̀mù. Ẹ jẹ́ kí n ti ibi ọ̀rọ̀ Mọ́mì bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni iná ti ń jó.

Ẹ má dá oògùn dúró nítorí ìwádìí kankan. Bí dókítà yín bá rí i pé ó yẹ kó bẹ̀rẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan lára ohun tí wọ́n ti wádìí gan-an nípa àìsàn yìí ni àkókò tó ń lọ láàárín ìgbà tí ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í bá èèyàn sọ̀rọ̀ àti ìgbà tí ìtọ́jú gidi tó kọ́kọ́ dé. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní RAISE, èèyàn 404 ló wà nínú rẹ̀, ní ilé ìtọ́jú 34. Ìdajì àwọn èèyàn yẹn ti lò ju ọ̀sẹ̀ 74 lọ pẹ̀lú àìsàn náà kí ìtọ́jú tó kàn wọ́n. Ju ọdún kan lọ nìyẹn o. Èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2015: ètò tí dókítà, ẹni tó ń bá ẹbí sọ̀rọ̀ àti ẹni tó ń ran aláìsàn lọ́wọ́ láti padà sẹ́nu iṣẹ́ tàbí ẹ̀kọ́ ti jọ ń ṣe é pọ̀, ó ṣe wọ́n láǹfààní ju ìtọ́jú tí wọ́n ń rí tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn tí àìsàn wọn ò tíì pẹ́ ló sì jẹ àǹfààní yẹn jù. Àwọn ará Norway náà ṣe tiwọn: wọ́n ń kéde àmì àìsàn náà nínú ìwé ìròyìn àti lórí rédíò, wọ́n sì dá ikọ̀ kan sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè pè tààrà. Níbi tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀, ìdúró yẹn wá sí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 5. Níbi tí wọn ò ti ṣe é, ọ̀sẹ̀ 16 ni.

Ẹ wá rò ó wò: ìwádìí tí wọ́n dá sílẹ̀ torí pé ìdúró ń ba nǹkan jẹ́ ni Mọ́mì fẹ́ torí rẹ̀ fi kún ìdúró. Ẹ pe àwọn tó ń ṣe é, kí ẹ bi wọ́n pé oògùn tí èèyàn ti lò fún ìgbà mélòó ni wọ́n ń sọ. Púpọ̀ nínú wọn ló máa ń gba ẹni tó ti lò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ó lè jẹ́ pé ìjà tí kò sí nídìí ni ẹ ń jà.

Ó kan ìbéèrè yín báyìí. Ìtọ́jú wà nínú ìwádìí, ṣùgbọ́n torí ìtọ́jú kọ́ ni wọ́n fi dá a sílẹ̀. Ìbéèrè kan ni wọ́n ń wá ìdáhùn sí, ìdáhùn yẹn sì lè jẹ́ ti ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, kó má jẹ́ ti àbúrò yín. Ibí yìí ni mo ti máa ń rí i pé ẹbí ò gbọ́ mi yé. Màá ka gbogbo fọ́ọ̀mù tán, màá ní kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ohun tí mo sọ. Bàbá kan á rẹ́rìn-ín músẹ́, á tẹ̀ síwájú lórí àga, á wá rọra sọ pé, "Nọ́ọ̀sì, mo gbọ́. Ẹ ṣáà bá wa fi ọmọ yìí síbi tó dáa." Mi ò lè fi í síbì kankan. Dókítà àgbà pàápàá ò lè fi í síbì kankan. Bí ẹni ṣẹ́ kèké ni. Bí a bá ń yàn án lọ́wọ́, àwọn tí ara wọn ti fẹ́ yá tẹ́lẹ̀ la máa kó sí apá tí wọ́n ti ń dán ìtọ́jú tuntun wò, a ó wá máa pariwo pé ìtọ́jú tuntun ń ṣiṣẹ́.

Torí náà, kí ẹ tó buwọ́ lu ohunkóhun, ẹ bèèrè pé, bí kèké bá gbé e lọ sí apá kejì, kí ni wọ́n máa ṣe fún un níbẹ̀? Bó bá jẹ́ ìtọ́jú tí gbogbo èèyàn ń rí ni, ṣé dókítà ọpọlọ máa tètè rí i níbẹ̀ náà, àbí á padà sórí ìlà? Ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ̀ bóyá ọ̀nà àbùjá ni tàbí kì í ṣe òun. Ẹ sì má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ orúkọ yín kúrò lórí ìlà tí ẹ wà. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti yọ ọ́, tí wọ́n ní aláìsàn "ti rí ìtọ́jú".

Ẹ̀yin OjúLalákàn, mi ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n oògùn tí dókítà ń kọ lójoojúmọ́ fún irú àìsàn yìí gan-an, ẹ mọ bó ṣe rí? Ìwádìí CATIE, ọdún 2005, Amẹ́ríkà náà ni: nínú nǹkan bí 1,500 èèyàn, ìdá 74 nínú ọgọ́rùn-ún ló fi oògùn tí wọ́n kọ́kọ́ fún wọn níbẹ̀ sílẹ̀ kí oṣù 18 tó pé, bóyá kò ṣiṣẹ́ fún wọn, bóyá ó ń dà wọ́n láàmú, bóyá wọn ò fẹ́ ẹ mọ́. Oògùn tí wọ́n ti ń lò kiri nìyẹn. Ká ní wọn ò wádìí rẹ̀, ta ni ìbá mọ̀?

---

MoTiDébẹ̀Rí

Èmi aláìsàn ni kí n sọ tèmi. Mo wà nínú irú ìwádìí báyìí nígbà kan. Kí n má purọ́, ìtọ́jú tí mo rí dáa. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń tọ́jú mi láti ìbẹ̀rẹ̀, ó mọ orúkọ ajá mi. Tí mi ò bá wá, ó máa pè mí.

Ohun tó dùn mí ni ìgbẹ̀yìn. Lọ́jọ́ tí ìwádìí parí, wọ́n kí mi pé mo ṣeun, wọ́n fún mi ní lẹ́tà kan pé kí n gbé e fún dókítà mi. Dókítà mi ní kí n lọ tò sórí ìlà. Ìlà wo? Ìlà tí mo ti wà lórí rẹ̀ kí n tó lọ! Oògùn mi fẹ́ tán, ẹni tó mọ̀ mí ti lọ sẹ́nu iṣẹ́ mìíràn.

Àǹtí, ẹ bá àbúrò yín wá ibi tí fọ́ọ̀mù yẹn ti sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀yìn ìwádìí. Ẹ bèèrè orúkọ ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n bá dáhùn pé "a ó rí sí i", ẹ̀yin náà ẹ rí sí i kí ẹ tó buwọ́ lù ú.

Nǹkan kan tún wà. Ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ṣàlàyé. Ẹbí mi ló buwọ́ lu ọ̀pọ̀ nǹkan nípa mi nígbà yẹn tí mo ń gbọ́ lẹ́yìn.

---

ÌyáÌbejì

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Ṣé ó pọn dandan kó jẹ́ dókítà ọpọlọ ni? Mo kà nípa àwọn ìyá àgbà kan ní Zimbabwe tí wọ́n ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì níta ilé ìwòsàn, tí wọ́n ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, tí ara àwọn èèyàn náà sì ń yá. Ẹ ò lè wá irú ẹni bẹ́ẹ̀?

---

Nọ́ọ̀sìÌwádìí

Òtítọ́ ni, Mà. Friendship Bench lorúkọ rẹ̀, Dókítà Dixon Chibanda ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Harare. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lé e lórí jáde ní ọdún 2016, èèyàn 573 ló wà níbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì yá ju ti àwọn tí kò débẹ̀ lọ. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí rẹ̀. Àmọ́ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àníyàn ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀, kì í ṣe ẹni tó ń gbọ́ ohùn. Ọmọ yìí nílò dókítà.

Ohun tí a lè mú nínú ọ̀rọ̀ Mà ni pé kò dìgbà tí dókítà àgbà bá fojú kan aláìsàn kí ìmọ̀ rẹ̀ tó wúlò fún un. Wọ́n dán èyí wò lára àwọn àgbàlagbà tó ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, 1,801 ni wọ́n, èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2002. Ilé ìwòsàn tí wọ́n ń lọ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti tọ́jú wọn. Òṣìṣẹ́ kan níbẹ̀ ń tẹ̀ lé wọn, dókítà ọpọlọ sì ń gbà á nímọ̀ràn láti ẹ̀yìn. Lọ́dún kan lẹ́yìn náà, ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún ni àìsàn wọn ti dín sí ìdajì, nígbà tó jẹ́ ìdá 19 péré lára àwọn tó kù. Àìsàn mìíràn nìyẹn, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ lè sọ fún dókítà yín pé kó pe dókítà ọpọlọ lórí fóònù lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n jọ fẹnu kò lórí oògùn àti ìwọ̀n tó máa fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ dókítà ló máa ń ṣe é bí èèyàn bá bèèrè.

Kó tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n yẹ ṣúgà àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, torí àwọn kan nínú oògùn yìí ń mú èèyàn sanra. Kí wọ́n sì rí i dájú pé kì í ṣe àìsàn ara tàbí ohun tó ń mu ló ń fà á. Ẹ̀yin náà ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀: ìgbà tó sùn, ohun tó sọ, ohun tó bà á lẹ́rù. Ìdajì wákàtí lè má pé tí dókítà àgbà máa fi rí yín, ìwé yẹn á sọ ohun tí ẹ máa gbàgbé.

Bó bá sì sọ pé òun fẹ́ pa ara òun, tàbí pé ohùn yẹn ń ní kó ṣe ẹnì kan léṣe, ọ̀rọ̀ ìlà àti ìwádìí tán nìyẹn. Ilé ìwòsàn pàjáwìrì lójú ẹsẹ̀, bó jẹ́ òru.

---

Àkọ́bíObìnrin

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ka ọ̀rọ̀ nípa ọ̀sẹ̀ 74 yẹn sí Mọ́mì létí. Wọ́n dákẹ́, wọ́n wá ní, "Ṣé ọmọ tèmi náà ni wọ́n máa kà mọ́ ọn?" Wọ́n ti gbà kó bẹ̀rẹ̀ oògùn. Dókítà wa ti gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Mo pe àwọn tó ń ṣe ìwádìí. Oògùn tó bá ti ju oṣù mẹ́ta lọ ni wọn kì í gbà! Apá kejì náà máa rí dókítà ọpọlọ, ṣùgbọ́n wọn ò ní máa pè é tó ti apá kìíní. Nígbà tí mo bèèrè ẹ̀yìn ìwádìí, ẹni tó gbé fóònù ní òun máa wádìí rẹ̀ wá, kò tíì pè mí padà. Mi ò ní buwọ́ lu nǹkan kan títí á fi pè.

Ìbéèrè kan ló kù. Nọ́ọ̀sì, bó bá wọlé tán tí kò fẹ́ ẹ mọ́ ńkọ́? Ọmọ yìí lágídí.

---

Nọ́ọ̀sìÌwádìí

Ó lè jáde nígbàkúgbà, kò sì pọn dandan kó sọ ìdí. Jíjáde rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ di ìtọ́jú rẹ̀ lọ́wọ́. Ó wà nínú ìkéde Helsinki, ìlànà ìwádìí tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà àgbáyé kọ́kọ́ ṣe ní ọdún 1964, ẹ ó sì rí i nínú fọ́ọ̀mù yín. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ dìde kúrò níbẹ̀.

Ẹ bi wọ́n bóyá ẹ lè gbé fọ́ọ̀mù náà lọ sílé, kí òun náà kà á nígbà tí orí rẹ̀ bá fúyẹ́. Bí wọ́n bá ti ń kán yín lójú, ẹ béèrè ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ àwọn tó wà nínú ìwádìí. Nọ́ńbà wọn máa wà nínú fọ́ọ̀mù, wọ́n sì máa ń gbé fóònù.

---

MoTiDébẹ̀Rí

Bó bá fẹ́ ẹnì kan bá sọ̀rọ̀ tó ti gbọ́ ohùn rí, ẹ fi ìkọ̀kọ̀ kọ̀wé sí mi níbí. Kì í ṣe kí n gbà á níyànjú láti wọ ìwádìí o. Kó kàn ní ẹni tó máa bi ní ìbéèrè tí kò lè bi yín.