Ọmọ mọ ìtumọ̀ àkànlò èdè Gẹ̀ẹ́sì, kí ló dé tí gbólóhùn rẹ̀ fi ń dàrú?

Ará Takié, Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tíṣà Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí àwọn tó ń múra WAEC ni mo ṣe ń béèrè. Bí a bá bi wọ́n ní ìtumọ̀, wọ́n á dáhùn wàrà. Ẹ ní kí wọ́n lò ó, wàhálà dé. Ẹ wo mẹ́ta yìí:
"The old man kicked bucket."
"Wálé is pulling my legs."
"The bucket was kicked by the old man."
Àlàyé wo ni ká ṣe fún ọmọ tó ní ṣebí ìtumọ̀ kan náà ni?

Tíṣà Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́
Yorùbá tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì wọn ló ń fà á. Ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ méjì, "ẹsẹ̀" náà ni lédè wa. A ò sì ní ohun tó ṣe déédéé "the" àti "a", ọmọ ò wá kà wọ́n sí. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni àkànlò èdè rọ̀ mọ́.

Ẹ mú "spill the beans", ìyẹn kí èèyàn tú àṣírí. Yọ "the" kúrò, kí o ní "She spilled beans": ẹ̀wà ló dà sílẹ̀ yẹn, kí wọ́n wá ìgbálẹ̀. Fi "rice" rọ́pò "beans", àṣírí ti lọ, oúnjẹ ló kù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe ibẹ̀ lè yí bó ṣe wù ú: spills, spilled, will spill.

"Pull my leg" ní tirẹ̀, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni bó bá jẹ́ ẹnì kan la ń bá ṣeré. Ẹ kíyè sí ìtumọ̀ náà o. Ọmọ Yorùbá á gbọ́ pé wọ́n fà á lẹ́sẹ̀, á rò pé ìdíwọ́ ni. Rárá, ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń fi í ṣe.

Gbólóhùn kẹta ló dùn jù láti ṣàlàyé. "The beans were spilled" ṣeé sọ, torí "spill" dúró fún títú, "beans" dúró fún àṣírí. A lè pín wọn. "Kick the bucket" ò ṣeé pín. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ ni "kú". "Bucket" níbẹ̀ ò dúró fún nǹkan kan, nítorí náà bí o bá gbé e síwájú, garawa gidi ni wọ́n gbá nípàá. Wọn kì í sọ pé "He is kicking the bucket" náà, bí ẹni náà tilẹ̀ ń pọ̀kàkà ikú.

Ìyá Ìbejì Owódé
Ẹ ṣeun, Tíṣà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún mọ ibi tí wọ́n ti ń lò ó. "Kick the bucket" àti "ta téru nípàá", ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ ni méjèèjì. Ta ló máa dúró ní ààfin Ọ̀yọ́ kó ní Aláàfin ta téru nípàá? Ọba wàjà ni. Nínú lẹ́tà ìbánikẹ́dùn, "passed away" ni kí wọ́n kọ. Bákan náà ni "cost an arm and a leg": bá ọ̀rẹ́ rẹ sọ ọ́, àmọ́ nínú lẹ́tà sí alága ìjọba ìbílẹ̀, "very expensive" ti tó.

Àwọn kan sì bá tiwa mu, ẹ fi kọ́ wọn. "Call a spade a spade", sọ ojú abẹ níkòó. "Turn up your nose", yínmú. "Turn a deaf ear", kọtí ikún. Etí kan ni tìyẹn o, ṣùgbọ́n "fall on deaf ears" gba "s". Ẹ má bi mí pé kí ló dé, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn.

Àgbà Télọ̀
Èyí tó ń bí mi nínú ni "cut your coat according to your size". CLOTH ni! Aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ ni wọ́n ń bá wí, kì í ṣe ara rẹ. Bó bá jẹ́ yáàdì mẹ́ta lo rà, má gé agbádá, bùbá ni kó o gé. Owó tó o ní ni kó o ná.

Ẹ bá wọn yọ "The rain is falling cats and dogs" kúrò pẹ̀lú. Òjò ló ń rọ̀ lédè wa. "It is raining" ni tiwọn. Àwọn Òyìnbó fúnra wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ọ́ mọ́, "It's pouring" ló wọ́pọ̀ lẹ́nu wọn.

Ará Takié, Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹ kú làálàá. Báwo ni kí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé?

Tíṣà Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́
Ìlà mẹ́rin fún ẹyọ kan: ìtumọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá, ohun tó lè yí, ohun tí kò gbọ́dọ̀ yí, ẹni tí a lè sọ ọ́ fún. Lẹ́yìn náà, gbólóhùn méjì tí ọmọ fúnra rẹ̀ ṣe. Márùn-ún lọ́sẹ̀ tó. Ẹni tó há ọgọ́rùn-ún sórí láàárín ọjọ́ mẹ́ta, "kick bucket" náà ló máa kọ.

Ará Takié, Ògbómọ̀ṣọ́
"The beans were spilt by Ṣadé." Ṣé "spilt" yìí tọ̀nà?

Tíṣà Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́
Ó tọ̀nà, "spilled" náà tọ̀nà. Kí ọmọ ṣáà mú ọ̀kan, kó má dà wọ́n pọ̀ nínú àròkọ kan náà.