Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: báwo ni a ṣe lè ṣàtìlẹ́yìn fún àwọn òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn tó wá láti òkè òkun, kí a sì yẹ́ wọn sí?

Olórí Ikọ̀

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi lẹ́nu iṣẹ́ yìí, mo kí yín, ẹ kú wàhálà àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Èmi ni olórí ikọ̀ kan tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé àti ẹbí wọn. Púpọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn àwùjọ, ìyẹn àwọn tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí sósíà wọ́kà, tí a jọ wà nínú ikọ̀ náà ló jẹ́ pé orílẹ̀-èdè mìíràn ni wọ́n ti gboyè kí wọ́n tó wá bá wa. Àwọn ọ̀gá àgbà ní kí n dábàá ohun tí a ó fi yẹ́ wọn sí ní Àyájọ́ Iṣẹ́ Ìgbáyégbádùn Àwùjọ Lágbàáyé, tó máa ń bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun kẹta nínú oṣù Kẹta lọ́dọọdún. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé kí oníkálukú wọ aṣọ ilẹ̀ rẹ̀, kí a sì ya fọ́tò. N kò lòdì sí aṣọ, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀, nítorí àwọn ènìyàn yìí kan náà ni mo ń rí lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí àwọn yòókù bá ti lọ sílé, a kì í sì í sábà gbọ́ orúkọ wọn nígbà tí a bá ń wá igbákejì olórí ikọ̀. Kí ni ẹ ti rí tó ṣiṣẹ́? Mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn tó rin ìrìn àjò náà fúnra wọn, mo sì fẹ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn alábòójútó pẹ̀lú.

Àtìpó Afọgbọ́nṣe

Ẹ ṣeun, ọ̀gá, tí ẹ béèrè kí ẹ tó dáwọ́ lé e. Èmi náà wá láti òkè òkun, iṣẹ́ yìí ni mo sì ń ṣe kí n tó wá. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ayẹyẹ dúró ná, kí ẹ kọ́kọ́ wo oṣù mélòó kan àkọ́kọ́ tí ènìyàn bá dé ọ̀dọ̀ yín, nítorí ibẹ̀ ni nǹkan ti ń wọ́. Ọ̀nà méjì ni wọ́n sábà máa ń gbà ṣi ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé mú. Àwọn kan yóò máa kọ́ ọ bí ẹni pé kò rí ọmọ tí ìyà ń jẹ rí, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ti darí odindi ẹ̀ka ni. Àwọn mìíràn yóò wo ìwé ẹ̀rí rẹ̀, wọn yóò rí i pé ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, wọn yóò sì di fáìlì rẹpẹtẹ rù ú kí ó tó mọ ẹni tó yẹ kí ó pè bí ọ̀rọ̀ bá bẹ́ sílẹ̀ lóru.

Ìmọ̀ nípa ènìyàn yàtọ̀ sí ìmọ̀ nípa òfin ìlú. Bí a ṣe ń ka ojú ọmọ tí ẹ̀rù ń bà, bí a ṣe ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ rọ ọkùnrin tó ń bínú lẹ́nu ọ̀nà, bí a ṣe ń bi ìyá ọmọ ní ìbéèrè tó le láì dójú tì í, gbogbo ìwọ̀nyí ni ènìyàn ń gbé sọdá òkun. Òfin ni kò ṣeé gbé sọdá. Ẹ wo Òfin Àwọn Ọmọdé ti ọdún 1989 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: abala 17 dá lórí ìrànlọ́wọ́ fún ọmọ tó wà nínú àìní, abala 47 sì dá lórí ìwádìí nígbà tí ìdí gúnmọ́ bá wà láti fura pé ìpalára ńlá ń bá ọmọ tàbí pé ó fẹ́ bá a. Ibi tí ọ̀kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè dá mọ̀ láti inú ìwé nìkan. Ó gbọ́dọ̀ jókòó ti àwọn tó ti ń ṣe é bọ̀, kí ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń rò ó títí wọ́n fi pinnu, lórí ọ̀rọ̀ ẹbí tòótọ́.

Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ̀yin àti ẹni náà mú ìwé kan, kí ẹ kọ ohun tó ti mọ̀ ọ́n ṣe sí apá kan, kí ẹ sì kọ ohun tó jẹ́ tuntun sí i sí apá kejì. Kí ó bá ẹlòmíràn lọ sí kóòtù kí òun fúnra rẹ̀ tó kọ ìjábọ̀ fún adájọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ètò kan wà tí wọ́n fi ń ṣàtìlẹ́yìn fún òṣìṣẹ́ ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ní ìlú mìíràn lè bọ́ sí àárín méjì, àyàfi bí ọ̀gá rẹ̀ bá ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀ fún un láti inú ìfẹ́ ara rẹ̀.

Alábòójútó Àgbà

Àbúrò mi ti sọ ojú abẹ níkòó. Ní Ireland tí mo ti ń ṣiṣẹ́, àjọ CORU tó ń ṣàkóso ìforúkọsílẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn lè ní kí ẹni tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ibẹ̀ ṣiṣẹ́ lábẹ́ àbójútó fún ìgbà kan, tàbí kí ó ṣe ìdánwò, kí ó tó lè forúkọ sílẹ̀. Ìwé tí wọ́n ń kó jọ fún èyí kì í ṣe díẹ̀: ẹ̀rí láti iléèwé, ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá àtijọ́, àlàyé lórí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n kọ́. Bí ẹ bá ń wá ọjọ́ tó yẹ láti yẹ́ ènìyàn sí, ọjọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ bá jáde ni kí ẹ mú. Kí olórí ikọ̀ dìde níwájú gbogbo ènìyàn, kí ó pe orúkọ rẹ̀ bí ó ṣe ń pè é gan-an, kí ó sì sọ ohun tí ó là kọjá. Mo ti rí ẹni tí omi bọ́ lójú rẹ̀ nítorí èyí.

Alfred Kadushin, ọ̀jọ̀gbọ́n tó kọ́ni ní iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà, pín iṣẹ́ alábòójútó sí mẹ́ta: ètò iṣẹ́, ìkọ́ni, àti gbígbé ẹni ró. Nígbà tí ọwọ́ bá dí, ti àkọ́kọ́ nìkan la máa ń ṣe. A ó béèrè fáìlì mélòó ló ti parí, a ó sì dìde. Ẹ̀kẹta ni ẹni tó wá láti òkèèrè nílò jù, pàápàá lórí ọ̀rọ̀ ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí tí a rán an sí. Bàbá kan pè mí pé òun kò fẹ́ kí àlejò tẹ ilé òun mọ́. Mo dá a lóhùn pé, “Òṣìṣẹ́ tí a rán sí yín ló mọ ọ̀rọ̀ ọmọ yín jù lọ, ó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin bí èmi náà ṣe forúkọ sílẹ̀, a kò sì ní tìtorí ibi tí a bí i sí pààrọ̀ rẹ̀.” Mo kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣẹ̀lẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, mo sì bi obìnrin tó jẹ́ òṣìṣẹ́ náà léèrè ohun tí ó fẹ́. Ó ní kí n tẹ̀ lé òun lọ, ṣùgbọ́n kí n má sọ̀rọ̀. Mo lọ, mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, òun ló darí ìpàdé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ọ̀pọ̀ ọ̀gá máa ń yára fi ẹlòmíràn rọ́pò kí ọ̀rọ̀ má baà le. Wọn kò mọ̀ pé òṣìṣẹ́ náà yóò gbà pé òun gan-an ni ìṣòro.

Ará Gúúsù

Láti New Zealand ni mo ti ń kọ̀wé, ọ̀rọ̀ mi kò sì pọ̀. Láti ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2021 ni ìforúkọsílẹ̀ ti di dandan níbí, ẹni tó bá sì fẹ́ forúkọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun lè bá àwọn Māori, ìyẹn àwọn ọmọ onílẹ̀ ibí, ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Àwa tí a wá láti òkèèrè kì í ka èyí sí ìyà. Ó yẹ kí àlejò mọ onílé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì yẹ kí onílé fetí sí àlejò. Àlàyé nípa iṣẹ́ yìí tí International Federation of Social Workers, ìyẹn àpapọ̀ ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn lágbàáyé, àti ẹgbẹ́ àwọn iléèwé tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ náà fọwọ́ sí ní Melbourne ní oṣù Keje ọdún 2014 ka ìmọ̀ ìbílẹ̀ mọ́ ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà. Ẹ fún àwọn ènìyàn yín ní ìpàdé ìjíròrò láti darí, lórí ohun tí wọ́n mọ̀ dájú, irú bíi bí a ṣe ń wá ìbátan tó lè gba ọmọ tọ́ kí a tó ronú kan àjèjì.

Agbẹnusọ Ọmọdé

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Ará Gúúsù, àmọ́ ẹ ṣọ́ra níbẹ̀. Láàárín kí a bu ọlá fún ìmọ̀ ènìyàn àti kí a sọ ọ́ di ògbufọ̀ ọ̀fẹ́, ìṣísẹ̀ kan péré ni. Mo mọ ẹni tí gbogbo ẹbí tó bá ti ní àwọ̀ bíi tirẹ̀ ń já sí lọ́wọ́, yálà èdè wọn dọ́gba tàbí kò dọ́gba, tí wọ́n tún ń pè kúrò nídìí iṣẹ́ rẹ̀ láti wá túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún ẹlòmíràn. Ẹnikẹ́ni kò sì ka iṣẹ́ yẹn mọ́ iye fáìlì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lo ìmọ̀ náà, ẹ béèrè, ẹ kà á sí iṣẹ́, kí ẹ sì dín òmíràn kù fún un.

Ní ti ayẹyẹ, kí ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá wọ́n tilẹ̀ fẹ́ kí a yà wọ́n sọ́tọ̀, nítorí àwọn kan fẹ́ kí a mọ̀ wọ́n sí òṣìṣẹ́ tó dáńtọ́ ju kí a mọ̀ wọ́n sí ẹni tó wá láti ìlú báyìí. Lẹ́tà tí ẹ bá kọ sí oníkálukú gbọ́dọ̀ dárúkọ iṣẹ́ pàtó tí ó ṣe, láì tú àṣírí ẹbí kankan: “Ìwọ lo ṣàkíyèsí pé ọmọ náà kì í sọ̀rọ̀ bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá wà ní ìjókòó.” Ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ sínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀, kí ó lè rí i mú sọ̀rọ̀ nígbà tí ó bá ń wá ipò tó ga. Kí ẹ sì ṣàyẹ̀wò àmì orí orúkọ kí ẹ tó tẹ ìwé ìyẹ́nisí. Mo ti rí èyí tí wọ́n fi ìdajì orúkọ ènìyàn sílẹ̀ nítorí pé ó gùn.

Olórí Ikọ̀

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin àbúrò mi. Ìbéèrè méjì ló kù. Nígbà tí mo bá ní kí wọ́n sọ ohun tó ń yọ wọ́n lẹ́nu nínú ìpàdé, wọn a ní kò sí. Ẹ̀ka ìnáwó sì ti sọ fún mi pé kò sí owó fún ètò tuntun kankan. Kí ni mo lè ṣe?

Àtìpó Afọgbọ́nṣe

Ọ̀gá, ìdí tí wọ́n fi ń dákẹ́ kò jìnnà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó jẹ́ pé ilé iṣẹ́ rẹ̀ ló gbọ̀wọ́ fún físà rẹ̀ sábà máa ń ní ọgọ́ta ọjọ́ péré láti wá ilé iṣẹ́ mìíràn tí yóò gbà á tàbí kí ó kó ẹrù rẹ̀ bí iṣẹ́ náà bá bọ́. Ta ni yóò gbé irú èrò bẹ́ẹ̀ sáyà tí yóò dìde nínú ìpàdé, níwájú ẹni tó ń kọ ìjábọ̀ lórí rẹ̀? Ẹ wá àgbà òṣìṣẹ́ kan láti ẹ̀ka mìíràn, ẹni tí kò láṣẹ lórí wọn, kí wọ́n máa rí i lóṣooṣù, kí ohun tí wọ́n bá sì sọ fún un má padà sọ́dọ̀ yín àyàfi bí wọ́n bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pẹ̀lú pé wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, kí ẹ sì sọ ọ́ fún wọn lẹ́nu ara yín, nítorí àwọn kan rò pé ó lè bí ọ̀gá nínú.

Ní ti owó, wákàtí ni ẹ nílò jù. Social Work England, àjọ tó ń forúkọ àwọn òṣìṣẹ́ yìí sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá ọdún 2019, ń béèrè lọ́dọọdún pé kí òṣìṣẹ́ kọ ó kéré tán ohun méjì tí ó kọ́ sílẹ̀, kí ó sì ti bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jíròrò lórí ọ̀kan nínú wọn. Bí àwọn tó wá láti òkè òkun bá ń jókòó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù láti sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ wọn, ìjíròrò yẹn ti bọ́ sí ohun tí òfin ń béèrè lọ́wọ́ wọn, kì í ṣe ètò tuntun tí ẹ̀ka ìnáwó lè kọ̀. Níbi tí òfin bá yàtọ̀, ẹ wo ohun tí àjọ tiyín ń béèrè, irú rẹ̀ kì í sábà ṣàì sí. Ẹ fi ìjókòó náà sí àárín àkókò iṣẹ́, kì í ṣe àsìkò oúnjẹ, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ètò iṣẹ́ kí ẹlòmíràn lè gba fóònù wọn. Bí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ wà, ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ṣáájú oṣù Kẹsàn-án, nítorí ọjọ́ kìíní oṣù náà ni ìsọdọ̀tun ìforúkọsílẹ̀ ń ṣí, ó sì ń tì ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá.