Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ọkọ̀ onígbòkun àlòkù yìí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Adó-Èkìtì ni mo wà, a ò sì ní òkun níbí, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Pọtogí fẹ́ ra Lagoon 380 àlòkù, ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Faransé, tí abẹ́ rẹ̀ dà bí ọkọ̀ méjì tí wọ́n dè pọ̀. Ó fẹ́ wà á sọdá Àtìláńtíìkì, ó sì ní kí n dá sí owó rẹ̀. (Mọ́mì wa ò tíì gbọ́ o!)

Sólà wà lórí rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń sọ omi òkun di omi mímu náà wà. Wáyà irin tó di òpó ìgbòkun mú ló ń kọ mí lóminú. Mo gbọ́ pé tó bá ti tó bí ọdún 10, ó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ẹni tó ń tà á kò sì rí rìsíìtì kankan fi hàn. Nínú fọ́tò tó fi ránṣẹ́, ìpẹtà ti yọ níbi tí wáyà kan ti wọnú irin. Ó ní ká kàn nù ún. Ẹnu ọlọ́jà!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ọkọ̀ òkun, ṣé ká ní kí wọ́n gbé e jáde látinú omi kí ọ̀gá kan yẹ̀ ẹ́ wò ná, àbí ká kàn yọ owó wáyà kúrò nínú iye tó pè? Ta ló sì máa ń san owó àyẹ̀wò náà? Ẹ̀gbọ́n mi ti ń kánjú àtisan àsansílẹ̀.