Àkòrí ìwádìí mi fẹ̀ jù, ibo ni kí n ti gé e?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Oṣù kẹjọ rèé tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ oyè ọ̀mọ̀wé, mi ò sì tíì ní àkòrí tó dúró. "Ipa èdè abínibí lórí ẹ̀kọ́ ìṣirò" ni mo gbé lọ bá alábòójútó mi. Ó ní iṣẹ́ ènìyàn mẹ́wàá nìyẹn. Mo ti ní lọ́kàn láti fọ̀rọ̀ wá olùkọ́ 60 lẹ́nu wò, ọdún 3 péré sì ni owó tí wọ́n fi ń ràn mí lọ́wọ́ máa gbé mi dé. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí gan-an, mi ò fẹ́ jù ú nù.

Ìdáhùn

Àbúrò, má jù ú nù. Jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò olùkọ́ 60 yẹn. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá bá ọ sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan, wákàtí 60 lo gbà sílẹ̀ yẹn. Ọ̀rọ̀ wákàtí kan sì máa ń gbà tó wákàtí 4 sí 6 kéèyàn tó dà á kọ tán. Wákàtí 240 sí 360 ti lọ sórí àdàkọ nìkan, o ò tíì ronú lé gbólóhùn kan nínú rẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí títí dòní ni mo fẹ́ sọ fún ọ. Àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn kan ni mo gbé àkòrí tèmi lé. Ẹnu lásán ni wọ́n fi ṣèlérí. Oṣù 14 ni mo fi lọ tí mo fi bọ̀, kí ọ̀gá tó ṣèlérí tó kúrò níbẹ̀, ẹni tó gbapò rẹ̀ sì ní òun ò mọ̀ nípa rẹ̀. Páálí kan tó wà lábẹ́ ibùsùn mi ló yọ mí: fọ́ọ̀mù 212 tí mo ti gbà jọ nígbà oyè másítà, tí mi ò lò tó ìdajì wọn. Mo gbàṣẹ láti tún wọn lò, inú wọn ni àpilẹ̀kọ mi ti jáde.

Nítorí náà, wo ohun tó wà ní ìkáwọ́ rẹ lónìí. Nígbà tí Marie Curie, gbajúmọ̀ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nì, ń wá àkòrí oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní ọdún 1897, ìtànṣán tí Becquerel, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mìíràn, rí lára irin tó ń jẹ́ uranium lọ́dún tó ṣáájú ló mú. Ọ̀rọ̀ náà ṣì tutù, kò sí òkìtì ìwé tó máa kọ́kọ́ kà. Ẹ̀rọ tí yóò fi wọ̀n ọ́n sì wà nílẹ̀: ọkọ rẹ̀ Pierre àti Jacques ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ló ṣe é. Ọdún 1903 ló gba oyè náà.

Ìdáhùn

Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ. Bó bá kan ọmọdé, àwọn òbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ìyẹn sì máa ń pẹ́. Àwọn olùkọ́ ni kí o dúró tì. Nínú ìṣirò náà, mú ìdá nìkan.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti tún un kọ: "Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ 8 fi ń ṣàlàyé ìdajì àti ìdá mẹ́rin ní èdè abínibí." Mo ti pe àwọn tí mo mọ̀ nínú wọn. Méjì ti gbà kí n wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì wọn, ọ̀kan ní kí n wá lọ́jọ́ Ajé.